Tìmùtìmù Etí Bàbá Mi

Ní ọdún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bàbá mi kì í dìde lórí àga rẹ̀ nírọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn létí. Hẹ́dífóònù rẹ̀ ló ń bó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, torí pé iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe níbẹ̀ ni kó máa gbọ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè, kó sì máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ohun ńlá dúdú kan ni, tó máa ń bo etí èèyàn mọ́lẹ̀ pátápátá, wáyà rẹ̀ sì ká kókó bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Tìmùtìmù méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun, awọ wọn ń dán, wọ́n sì rọ̀ débi pé mo máa ń jí i gbé kí n lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, awọ náà ti ń ṣí pẹ́pẹ́pẹ́, fóòmù inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta. Á já bọ́ sí bàbá mi léjìká, á já bọ́ sórí síńgílẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, nígbà mìíràn á já bọ́ sínú omi tó fẹ́ mu. Ìyá mi á kàn fọwọ́ gbọ́n ọn dànù ni, kò ní sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti yà mí lẹ́nu, torí pé télọ̀ ni ìyá mi, kò sì lè rí bọ́tìnì tó ń mì lára aṣọ ẹni tí kò mọ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó má sọ̀rọ̀.

Fúláàtì tí à ń gbé ní Fẹ́sítàkì wà lókè, bákóní rẹ̀ kọjú sí títì. Bákóní yẹn ni ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ibẹ̀ ni máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà, ìró rẹ̀ sì ni mo máa ń gbọ́ kí n tó lajú láàárọ̀, tí mo bá gbọ́ pé ó dákẹ́, mo mọ̀ pé òwú ti já tàbí pé oníbàárà ti dé. Nísàlẹ̀ wa ni ìyá àgbàlagbà kan ń gbé tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìsàlẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni, láti Àmùwò, ó sì máa ń sọ fún mi pé oko ẹ̀gẹ́ ìyá òun ni ibi tí ilé wa wà kí ìjọba tó dé. Láti òkè la ti ń gbọ́ kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀, ikọ́ rẹ̀, àti bó ṣe ń bá àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ wí bí ẹni pé wọ́n máa dá a lóhùn. Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni kí n fọ abọ́, kí n pọnmi tí ẹ̀rọ bá gbẹ, kí n sì máa fi òòfà kan tí bàbá mi yọ lára rédíò tó ti bàjẹ́ ṣa abẹ́rẹ́ àti píìnì nílẹ̀ bákóní. Aago márùn-ún la máa ń jẹun ìrọ̀lẹ́, torí pé bàbá mi fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba ò fi í sílẹ̀. Ẹ̀bà àti ilá ló pọ̀ jù, tàbí iṣu pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Bó bá jẹun tán, á gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bákóní níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á gbé rédíò sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì gbé hẹ́dífóònù wọ̀. Ó parí nìyẹn. Dádì ò sí nílé mọ́. Ẹni tó bá ń wá a ní láti fọwọ́ kàn án lórúnkún.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ aláìlẹ́nu o; àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Alákijà dé Agboju lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀ ni pé ìyàwó kì í wojú ọkọ kó ní òun ò ṣe. Bí bàbá mi bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, á ní kò burú. Tó bá di aago márùn-ún, tí hẹ́dífóònù bá ti wà lórí, á dá máṣíìnì dúró, á pè mí, èmi tí mo wà nílẹ̀ pẹ̀lú òòfà mi, á wá sọ ohun tó burú. Á ní, Dúpẹ́, ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ yẹn ń ha mí lápá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá bá bàbá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣó àti òòlù. Á ní, Dúpẹ́, ọjọ́ mélòó ni èèyàn fẹ́ fi jẹ ẹja kan náà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bàbá mi á ra ẹran bọ̀ láti ọjà Agboju láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Mo kàn gbà pé ojú bàbá mi ń ríran ni. Mo máa ń fi í yangàn níléèwé pé kò sí nǹkan tó ń bàjẹ́ nílé wa tí bàbá mi kì í rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ju ti ìlẹ̀kùn àti ẹja lọ. Bàbá mi ti kọ́ ilé sí Ìkìrun, ìlú rẹ̀, ó ti kan òrùlé rẹ̀, ó sì ti sọ fún wa níbi oúnjẹ àárọ̀ pé bí mo bá ti jáde ìwé mẹ́fà, gbogbo wa ń lọ sílé. Ó ní Èkó wà fún iṣẹ́, iṣẹ́ sì ti parí. Ìyá mi ní kò burú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dá máṣíìnì dúró pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní iṣẹ́ ta ló parí? Ó ní ọmọ ogún ọdún lòun nígbà tóun fi báàgì kan wọ Èkó, pé ọwọ́ ara òun lòun fi kó àwọn oníbàárà wọ̀nyí jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ta ni yóò mọ òun ní Ìkìrun, tí yóò gbé aṣọ fún àlejò nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń ránṣọ? Ó ní tí wọ́n bá gbé òun lọ síbẹ̀, òun á kàn máa jókòó ni, òun á máa wo ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ló fi ń sọ ọ́, ọ̀nà tó ń gbà sọ ọ́ nìkan ló ń yàtọ̀. Mo jáde ìwé mẹ́fà. Bàbá mi ní òjò ti pọ̀ jù, ẹrù á tutù. Òjò dá. Ó ní káfíńtà ò tí ì parí fèrèsé. Báyìí la ṣe ń sún un síwájú, tí èmi sì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Fẹ́sítàkì náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ láàárín ọ̀rọ̀. Rédíò yẹn ò ní bátìrì. Iná pupa kékeré tó wà níwájú rẹ̀ kú, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, ìyá mi sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá mi ò yọ hẹ́dífóònù kúrò lórí. Ó dijú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ.

Ìtìjú ló sọ mí di oníṣẹ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, èérún dúdú kan lẹ̀ mọ́ bàbá mi létí òsì, ọmọbìnrin tó jókòó tì mí sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi. Mo délé, mo ní kí ìyá mi bá mi rán tìmùtìmù tuntun sí hẹ́dífóònù Dádì, ohun tí kò ní gbà á ju ìdajì wákàtí lọ. Ó ní aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kò sí fóòmù. Nígbà tí mo tún béèrè, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn létí. Mo bá mú ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé mi tó ti kéré, mo gé ẹnu rẹ̀, mo fà á bo etí hẹ́dífóònù méjèèjì, ó sì bọ́ sí i dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi yọ wọ́n, ó ní wọ́n ti dọ̀tí, òun fẹ́ fọ̀ wọ́n. N kò rí wọn mọ́. Nígbà tó yá, mo rí ọ̀kan tó fi ń di ọwọ́ áyọ́ọ̀nù mú.

Nígbà tí a lọ ra òwú àti síìpù ní Trade Fair, mo yọ́ kúrò lẹ́yìn ìyá mi lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta rédíò, mo béèrè tìmùtìmù nìkan. Ó ní wọn kì í tà á bẹ́ẹ̀, kí n ra odindi. Iye tó pè é, mo kàn kí i pé ó dàárọ̀ ni. Ẹni tó yọ mí ni Bọ̀dá Kàmọ́rù, tó ń rán ìjókòó mọ́tò lẹ́bàá ọjà Agboju. Ìyá mi máa ń rán mi sí i tí àwọn oníbàárà bá fẹ́ fi awọ sí ọwọ́ báàgì. Ó wo hẹ́dífóònù tí mo gbé pamọ́ sínú báàgì ìwé mi, ó ní ṣé kò ju èyí náà lọ, ó sì na ọwọ́ sí òkìtì àjákù tó ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì, pé á rọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ìjókòó mọ́tò, tó le díẹ̀, ni kí n lò. Ó jẹ́ kí n gbé etí hẹ́dífóònù lé páálí, kí n fi bírò yí i po, kí n gé fóòmù náà ní róbótó, kí n dá ihò sí àárín rẹ̀. Ó ní kí n gé awọ lẹ́dà kó fi ìbú ìka kan ju fóòmù lọ, kí n fi abẹ́rẹ́ gba etí rẹ̀ yí ká, kí n wá fa òwú náà kó sún jọ bí ẹnu àpò. Èmi ni mo rán an. Òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ àti awọ tó kù dànù, ó fi kẹrosíìnì nù ún, ó bá mi fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ̀ ẹ́. Ní ti ìnáwó, rííli òwú dúdú kan tí mo fún un ni gbogbo rẹ̀, ìyá mi ló sì ni òwú náà, kò sì mọ̀. Bọ̀dá Kàmọ́rù gbé e wọ̀, ó ní kí n pariwo orúkọ òun. Mo pariwo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí tírélà bá kọjá báyìí, bàbá mi ò ní mọ̀.

Nígbà tí mo gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Mo rántí pé ó wo mí, lẹ́yìn náà ó wo bákóní, níbi tí máṣíìnì ti dákẹ́. Ó ní, o ṣeun, ọmọ mi, ó sì gbé e wọ̀. Inú mi dùn débi pé n kò jẹun dáadáa. Ìyá mi wá láti bákóní, ó fi àtàǹpàkò tẹ tìmùtìmù náà, ó wo ojú abẹ́rẹ́ mi, ó béèrè ta ló kọ́ mi. Mo ní Bọ̀dá Kàmọ́rù ni. Ó ní mo ṣeun. Bí ẹni tó ń kí èèyàn kú ìrọ́jú ló ṣe sọ ọ́, mo sì rò pé inú ń bí i torí òwú. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ nílé wa tí bàbá mi ò rí. Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ń jò, ìyá mi wí, wí, wí, ó ń jò síbẹ̀. Ẹja ò kúrò nínú ọbẹ̀. Ìyá mi ti wá ń sọ̀rọ̀ sókè nírọ̀lẹ́ débi pé àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ máa ń gbójú sókè, bàbá mi á sì jókòó síbẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ ibòmíràn. Nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sọ níbi oúnjẹ àárọ̀ pé òun ti rí ọkọ̀ tó máa kó ẹrù wa, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni. Ó mú páálí ńlá mẹ́fà bọ̀ láti Agboju. Ìyá mi ní kò burú.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ dágbére fún Màmá Ìsàlẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó béèrè pé ṣé ìyá mi gbà. Mo ní kò gbà, ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Dádì ni kì í gbọ́, torí hẹ́dífóònù. Màmá Ìsàlẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní òun tóun wà nísàlẹ̀, tí etí òun ti ń di, òun ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi kedere, ta ni yóò wá jókòó tì í tí kò ní gbọ́?

“Ọmọ ẹni là ń bá wí, kí ọmọ ọlọ́mọ gbọ́,” ló wí. “Nílé tiyín, ìwọ ni wọ́n ń bá sọ ọ́, kí bàbá ẹ gbọ́. Ó sì ti ń gbọ́ látọjọ́ tí nǹkan yẹn ti ń bó lójú. Ìyá ẹ náà mọ̀. Àfi ìwọ nìkan lo ò mọ̀ nínú ilé yẹn.”

Mo rántí ọjọ́ tí iná lọ. Mo rántí ìbọ̀sẹ̀. Mo rántí gbogbo aṣọ oníbàárà tó máa ń wà nílẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá ní kó bá mi rán an. Mo jókòó ti ewúrẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo sì sọ fún Màmá Ìsàlẹ̀ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dí Dádì létí. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó ní òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsù ló ṣe ìrésà, kí n gòkè lọ tú u. Títí dòní, n kò mọ ẹni tó bọ́gbọ́n mu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti lọ́kọ, mo ti rí àwọn tọkọtaya tí wọ́n ń sọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn síra wọn lójú, n kò sì rí i pé wọ́n gbọ́ra wọn yé ju àwọn òbí mi lọ. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ká ní mo tètè mọ ohun tí wọ́n ń fi mí ṣe nígbà yẹn ni, inú ì bá bí mi.

Mo dé òkè, àwọn páálí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi ti wà lórí àga. Síṣọ́ọ̀sì ìyá mi ni mo fẹ́ yọ́ mú. Ìyá mi ń rán kọ́là bùbá kan lọ́wọ́. Láàárín gbùngbùn ìrán náà, ó dìde, ó fi abẹ́rẹ́ máṣíìnì sílẹ̀ nínú aṣọ bẹ́ẹ̀, ohun tó ti tìtorí rẹ̀ gbá mi lọ́wọ́ rí. Kò fọwọ́ kan orúnkún bàbá mi. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé hẹ́dífóònù náà kúrò lórí rẹ̀, bí a ṣe ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

“Dádì Dúpẹ́, mi ò fẹ́ lọ Ìkìrun.”

Ohùn òyìnbó kékeré kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú hẹ́dífóònù. Bàbá mi na ọwọ́, ó pa rédíò.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́,” ó wí.

“Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹ gbọ́, ẹ sì tún lọ gba ọkọ̀.”

“Ọmọ lo sọ ọ́ fún. Èmi lo sọ pé kò burú fún.” Kò gbé ohùn sókè. “Gbogbo ìgbà tí mò ń gbọ́ ọ, mo sún un síwájú, àbí mi ò sún un? Nígbà tí Dúpẹ́ wá dí mi létí, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, o ti rí i pé mi ò gbọ́ mọ́, wàá wá bá mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo retí ẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O ò wá, mo ní bóyá o ti gbà.”

“Mi ò gbà.”

“Ó dáa. Màá sọ fún onímọ́tò.”

Ohun tí wọ́n sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi gbé hẹ́dífóònù lé àpótí, ó padà sídìí máṣíìnì, ó yọ abẹ́rẹ́, ó wò ó bóyá ó tẹ̀. Bàbá mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá omi mímu tutù wà. A ò lọ Ìkìrun. Àwọn ayálégbé ló gba ilé náà, bàbá mi á lọ wò wọ́n nígbà iṣu tuntun, á padà pẹ̀lú ẹrù iṣu, á ní Èkó ti gbóná jù. Inú fúláàtì Fẹ́sítàkì yẹn náà ni àwọn òbí mi wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn páálí mẹ́fà yẹn, ìyá mi kó àjákù aṣọ sínú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá tìmùtìmù mi méjèèjì lórí tábìlì máṣíìnì. Wọ́n ti ṣí wọn kúrò lára hẹ́dífóònù. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n tú òwú rẹ̀ ní ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, láìha awọ náà rárá, wọ́n sì ti ká òwú náà sára rííli kan. Ìkejì, abẹ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n fi ya á, ó ya wọ́gọwọ̀gọ, fóòmù rẹ̀ yọ síta. Nígbà tó di aago márùn-ún, bàbá mi jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà bákóní, ó sì gbé ike lásán tó kù lára hẹ́dífóònù náà lé etí. Mo wà nílẹ̀ pẹ̀lú òòfà mi. Máṣíìnì dákẹ́.

“Dúpẹ́,” ìyá mi wí, “ẹ̀rọ omi ilé ìdáná yẹn ṣì ń jò o.”